Fèrè Tí Kò Sí Nínú Lẹ́tà Ìgbanisíṣẹ́

N kò tíì rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ kan ní Alímọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni náà yóò máa sáré ká pápá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, pé àpò ara rẹ̀ ni yóò ti máa ra ọsàn àti gúlúkóòsì, pé bó bá di Sátidé yóò tún ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. Tèmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ, òun náà ni mo sì kọ́ wọn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá ní ọjà Ìkòtún lónìí, tí obìnrin kan bá ké "Ìyá Gémù!" láti ìdí ata, mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mi kan nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì pè mí ní Ìyá Gírámà rí.

Iṣẹ́ gémù, ìyẹn iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, kì í ṣe ọmọ bíbí Alímọ̀ṣọ́. Láti inú ìlú Èkó gan-an ló ti wá, láti àwọn ilé-ìwé tó ní ọgbà ńlá: CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859, King's College ní 1909, St Gregory's ní 1928, Igbobi ní 1932. Wọ́n gbé àṣà ilé-ìwé àwọn òyìnbó wá, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ilé pupa, ilé búlúù, ilé àwọ̀ ewé, wọ́n sì gbà pé ọmọ tí kò bá sáré, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ bọ́dìn. Ibi tí wọ́n ń sùn kò jìnnà sí kíláàsì, kíláàsì kò jìnnà sí pápá, ilé-ìwé ló sì ń ra bọ́ọ̀lù. Nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdíje ńlá ti gbilẹ̀: Grier Cup fún eré sísá, Zard Cup fún bọ́ọ̀lù láti 1949, èyí tó padà wá di Principals' Cup.

Ẹni tí mo rò pé ó ṣe iṣẹ́ yìí dé góńgó ni Fadá Denis Slattery, ará Ireland, tó dá St Finbarr's sílẹ̀ ní 1956. Àlùfáà ni, olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald ni, rẹfirí sì tún ni. Ilé-ìwé rẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé kí gbogbo Nàìjíríà tó mọ orúkọ wọn. Ní ilé tiwa níbí, Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́, tíṣà ni kó tó di kóòṣì tó kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Abidjan ní 1984, tó sì tún kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé ní 2002. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Síbẹ̀, bí a bá fi orúkọ gbajúmọ̀ nìkan kọ ìtàn iṣẹ́ yìí, yóò dà bí ẹni pé ibi tí ife wà nìkan ni wọ́n ti ṣe é.

Nígbà tí àwọn ọmọ Igbobi ń du ife, oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí à ń pè ní Ẹgbẹ́dá lónìí. Ìgàndó, Ìkòtún, Ìdímù, abúlé Àwórì ni wọ́n. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ló ń ṣàkóso wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955, dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìgàndó kí irú rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ò rí i pé ará oko kì í fìgbà gbogbo kẹ́yìn! Bàbá ọkọ mi, ọmọ Ìgàndó, máa ń sọ pé tíṣà abúlé wọn ló ń ka ìwé owó-orí fún àwọn àgbà, òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń yan àwọn tí yóò sáré ní ọjọ́ Ẹ́ńpáyà Dè. Kò sẹ́ni tó pín in sí iṣẹ́ mẹ́ta lójú wọn. Tíṣà ni, ó parí.

Ohun tó gbé gémù wọ àwọn ilé-ìwé gírámà Alímọ̀ṣọ́ gan-an jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn kì í so mọ́ eré ìdárayá: Jákàńdè pa ilé-ìwé ọ̀sán rẹ́. Kí ó tó dé, ṣífùtù ni. Àwọn kan á wọlé láàárọ̀, wọ́n á jáde lọ́sàn-án, àwọn mìíràn á gba àga lọ́wọ́ wọn. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń rọlẹ̀, ọgbà kún fún ọmọ tó ń kàwé. Ta ni yóò fọn fèrè níbẹ̀? Lateef Jákàńdè di gómìnà ní oṣù Kẹwàá 1979, nígbà tó sì di 1980 ó ti fòpin sí ṣífùtù, ó sì ń kọ́ kíláàsì wìtìwìtì káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n rẹlẹ̀, wọ́n gùn gbọọrọ, àwọn alátakò rẹ̀ sì ń pè wọ́n ní ilé adìẹ. Mo ti kọ́ni nínú ilé adìẹ yẹn. Ooru rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ tán nìyẹn, nítorí n kò lè gbọ́ ohùn ara mi. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi, mo kàn máa ń bi í pé aago mélòó ni òun ń délé láyé ṣífùtù.

Bí ṣífùtù ti lọ, ìrọ̀lẹ́ ṣófo. Ọmọ wà, ilẹ̀ wà, kò sí ohun mìíràn. Ọ̀gá ilé-ìwé wá wo yàrá olùkọ́ yíká, ó rí i pé èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, ó sì nawọ́ fèrè sí mi. Bí wọ́n ti fi mí joyè nìyẹn. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́mù tí mo tọrọ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì Ìyànà Ìpájà ni mo fi ń fa ìlà sórí koríko. Ibi tó bá kan á gbẹ, ìlà á sì hàn títí íńtáháòsì á fi parí. Ọparun la fi ń ju ọ̀kọ̀. Páìpù omi tí pílọ́ḿbà gé fún wa ni à ń gbé sáré rìlé. Yanrìn ibi ìfò ni kò dúró rí: bí awakọ̀ típà kan bá ta wá lọ́rẹ lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ẹnìkan á ti kó o lọ fi rẹ́ ilé. Mo mọ ilé tí ó wà lára rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ló gba agbára mi jù. Bàbá kan ní Ìdímù sọ fún mi pé òun ò bí ọmọ tí yóò wọ ṣòkòtò péńpé níta. Mo jókòó, mo mu omi rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọ ṣòkòtò gígùn." Ó wọ̀ ọ́, ó fi ìborí bo orí, ó sì borí gbogbo àwọn tó wọ péńpé. Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló sọ mí di ẹni àdúgbò. Ẹni tó bá ti jókòó ní pálọ̀ ilé mẹ́wàá lójú pópó kan, kò lè sọ mọ́ pé ti ilé-ìwé nìkan ni òun.

Nígbà tí ìjọba ológun Buhari gbé WAI, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu, dé ní 1984, tí ìmọ́tótó àyíká sì gba Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn lójú títì. Àwọn sárésáré mi ò kúkú ní ibi tí wọ́n ń lọ. Mo kó wọn wọ gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, lẹ́yìn náà la ó lọ sí pápá. Àwọn lándílọ́ọ̀dù rí wa, wọ́n ní kí n wá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Tíṣà ló mọ̀wé kọ, àbí? Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí NEPA, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ayé ìgbà yẹn, nítorí tiransifọ́mà. Ní 2016 ni ìjọba Èkó fagi lé ìmọ́tótó Sátidé yẹn. Ipò akọ̀wé kò bá a lọ.

Àwa ń sọ̀rọ̀ gọ́tà, ìlú ń wú. Ìkànìyàn 2006 ní àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni, pé a ju 2,000,000 lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni, ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, góòlù kan ṣoṣo ló kù. Àwọn ọmọ wá ń gba bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà kan.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, katapílà tó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹ́gun gún páìpù epo, iná sọ, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára àwọn tó kú. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, orúkọ ọmọ ni èmi àti àwọn olùkọ́ bíi tèmi ń pè láti ilé dé ilé. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2009 wọ́n jí Principals' Cup dìde ní Èkó, GTBank gbé owó sílẹ̀, àwọn ọmọbìnrin náà sì ní ìdíje tiwọn. Ó dùn mọ́ mi dé ibi tí ó yẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn ilé-ìwé aládàáni tó kún Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún: ilé alájà mẹ́ta, kò sí ibi tí ọmọ lè na ẹsẹ̀. Bí íńtáháòsì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á wá yá pápá ilé-ìwé ìjọba, wọ́n á gbé kánópì àti DJ dé, wọ́n á yá olùkọ́ gémù wa pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: kí wọ́n máa san owó tíṣà náà lọ́tọ̀, kí wọ́n sì bá wa gbé yanrìn típà kan wá bí wọ́n bá ń bọ̀.