Àwọ̀n fífà ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀ ní àsìkò ẹja ṣáwá

Ní Ifangni níbí, a ò ní òkun, àmọ́ òkun ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Etí òkun ni púpọ̀ nínú ṣáwá yíyan tí àwọn ìyá ń tà lọ́jà ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń pa á.

Etí òkun Bẹ̀nẹ̀ kò gùn, bíi kìlómítà 125 péré, láti Hillacondji lẹ́bàá Tógò dé Kraké lẹ́bàá Nàìjíríà. Omi rẹ̀ sábà máa ń gbóná ju 27°C lọ. Àmọ́ láti oṣù juillet dé septembre, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀, á gbé ohun tí ẹja kéékèèké ń jẹ wá, ṣáwá á sì sún mọ́ etí òkun lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́. Ìgbà tí ooru ń mú wọn ní Faransé gan-an ni òkun tiwa ń tutù!

Àwọ̀n tí wọ́n ń fà láti orí yanrìn, tí Faransé ń pè ní senne de plage, wọ́pọ̀ níbẹ̀. Orí okùn kan á wà lọ́wọ́ àwọn tó dúró sórí ilẹ̀; ọkọ̀ á gbé àwọ̀n la ìgbì kọjá, á dà á sómi bí àbọ̀ òṣùpá, á sì mú orí okùn kejì padà wá. Ẹgbẹ́ méjì á wá máa fà á, tàwọn ti orin, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá fà á ní ìpín, àmọ́ ti olówó àwọ̀n ló ń pọ̀ jù.

Àpò ìdí àwọ̀n náà ni wàhálà. Ojú rẹ̀ máa ń kéré gan-an, ó sì ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí. Nígbà míì, ìjàpá òkun náà ń há sí i. Òfin ìpẹja wà, ìyẹn òfin 2014-19 ti 7 août 2014, àmọ́ ẹni tó ń fa àwọ̀n lónìí, oúnjẹ òní ló ń wá. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré fún oṣù kan ní 2019. Lójú tiwa, ó yẹ ká jíròrò irú rẹ̀ níbí, kí àwọn apẹja fúnra wọn wà níjòókòó, ká sì bi àwọn obìnrin tó ń yan ẹja léèrè ohun tí wọn yóò jẹ lóṣù náà.

Ilẹ̀ tí wọ́n ń dúró lé pàápàá ń dínkù. Látìgbà tí èbúté Kùtọnù ti ṣí ní 1965, òkúta tí wọ́n fi dáàbò bò ó ń dá yanrìn dúró níhà ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Níbi tí yanrìn bá ti tán, kò síbi tí ẹgbẹ́ méjì á dúró sí fa àwọ̀n.