Ọwọ́ Tó Kan Ojú Àwo

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí ní Òkòtà kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ lẹ́rán gbọ́. Ilé bàbá mi ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Rédíógírámù kan wà ní pálọ̀ wa, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí ẹran, olófin bí ààfin. Inú rẹ̀ ni Àrùná Ìṣọ̀lá àti Yusuf Ọlátúnjí ti ń kọrin fún àlejò. Etí àwo ni à ń fi ìka mú. Ọmọ tó bá fọwọ́ kan ojú àwo, ojú tirẹ̀ náà á rọ́wọ́ he.

Òfin yìí ni mo gbé sáyà títí bàbá mi fi wọlẹ̀ sùn, òun náà ni mo gbé dé Òkòtà lálẹ́ Sátidé kan. Àwọn tó mọ Ago Palace Way mọ̀ pé òru kì í ṣú níbẹ̀: hòtẹ́ẹ̀lì ń tàn sí hòtẹ́ẹ̀lì, èéfín súyà gba ojú ọ̀run, Yorùbá àti Ìgbò jọ ń pariwo borí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rẹ́ mi fà mí wọ gbọ̀ngàn kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan dúró sídìí tọ́ńtébù méjì, míkísà wà láàárín wọn bí alárinà. Àwo ń kọrin lọ́wọ́. Ló bá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbalaja lé ojú àwo!

Mo dorí kodò. Mo ń retí ìfọ́tí láti sàréè.

Ìfọ́tí kò dé. Àwo náà ló ké. Ó gbó bí ajá, ó kọ bí àkùkọ, ó húkọ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ọwọ́ òsì ọkùnrin náà ń ti àwo síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣí ohùn, ó ń ti ohùn, bí ọmọ tó ń fi ilẹ̀kùn ṣeré. Ìka rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé ara wọn lórí irin kékeré kan bí ẹsẹ̀ akàn. Akàn náà kúkú ni wọ́n ń pe àrà yẹn; DJ Qbert ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.

Kò pẹ́, orin bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ohùn olórin wúwo, ó ń rì, ó kú fin-ín. “NEPA!” ni gbogbo gbọ̀ngàn fi ké. Ẹnì kan ti ń pariwo pe ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kí a tó rí i pé iná wà lórí wa rekete. Mọ́tò tọ́ńtébù ni ọ̀gbẹ́ni náà pa, ìka rẹ̀ ló wá ń yí àwo, ó ń yọ orin lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń pa ẹ̀gúsí. Mo rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ṣí fìlà.

Ta ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí? Mi ò sùn kí n tó wádìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọ Jàmáíkà kan, Kool Herc, ló wà nídìí orin níbi àríyá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York. Ó ti kíyè sí i pé ibi tí olórin bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ni ẹsẹ̀ oníjó ti ń gbóná, ibẹ̀ sì kì í pẹ́ tán. Ó wá àwo kan náà ní méjì: bí ìlù ti àkọ́kọ́ bá ń tán lọ, ti èkejì á gbà á. Grandmaster Flash, tí wọ́n bí ní Barbados, mọ aṣọ nítorí pé aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ó gé aṣọ sáàárín àwo àti irin tó ń yí i, kí ọwọ́ lè dá àwo dúró bí irin ti ń sáré lọ nísàlẹ̀. Àwọn ará Japan sì ti gbé tọ́ńtébù Technics SL-1200 jáde ní 1972, tí mọ́tò rẹ̀ ń yí irin náà láìlo bẹ́líìtì, tí ọwọ́ èèyàn kò lè dá lágara.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an, ọmọdé ni. Theodore Livingston wà ní yàrá rẹ̀ ní Bronx láàárín àwọn ọdún 1970, orin ń han gooro. Ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà: kó dín ariwo kù! Ọmọ fọwọ́ dá àwo dúró kó lè gbọ́ ìbáwí, ọwọ́ náà kò sì gbé jẹ́ẹ́. Bí ìyá ti ń sọ̀rọ̀ ló ń ti àwo lọ, tó ń fà á bọ̀. Òun ló di Grand Wizzard Theodore. Ní 1997, A-Trak, ọmọ ọdún 15 láti Kánádà, gba ipò kìíní àgbáyé nídìí iṣẹ́ yìí. Nílé wa níbí, DJ Jimmy Jatt gbé e débi pé DJ fúnra rẹ̀ gbé àwo jáde, The Definition, ní 2007. Tí bàbá mi bá gbọ́!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé wa lọ. Màmá wà nínú kíṣìnì. Mo gbé Àrùná Ìṣọ̀lá sórí rédíógírámù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo sọ ìka kan kalẹ̀.

“Wíkì,” ni Àrùná wí.

“Ta ló ń fọwọ́ kan àwo bàbá yín yẹn?”

Èmi bàbá ọlọ́mọ méjì, mo dá àwo dúró kí n lè gbọ́ ohun tí Màmá ń wí dáadáa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbé jẹ́ẹ́.