Irin Orí Ọfà: Láti Ilẹ̀ Orozo dé Ọfà Òde Òní

Ẹni tí ó bá rò pé mímú irin nìkan ni ó ń mú kí ọfà ba ẹran, kò tíì mọ ìdí iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n ni ó ń tọ́ ọfà sọ́nà, àwọn ará àtijọ́ sì ti mọ èyí kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fi ìṣirò kà á.

Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Orozo. Kí ìjọba tó sọ agbègbè náà di ara olú-ìlú Nàìjíríà ní ọdún 1976, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọdẹ ni a fi mọ àwọn ará ibẹ̀, ọrun àti ọfà sì wà lára ohun ìjà wọn. Irin kò ṣàjèjì ní sàkáání náà. Ní Taruga, ní agbègbè Àbújá, Bernard Fagg wú àwọn ìléru tí a fi yọ́ irin ní ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ sẹ́yìn.

Púpọ̀ nínú ọfà ilẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní ìyẹ́ rárá. Ọ̀pá wọn fúyẹ́, alágbẹ̀dẹ a sì ki irin bọ̀ ọ́ lórí. Nítorí pé ìwọ̀n pọ̀ níwájú, ìdí ọfà kò ní ṣíwájú orí rẹ̀. Irin ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìyẹ́.

Ní ayé òde òní, kábọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe ọ̀pá ọfà fún ọrun tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, irú èyí tí a ń lò ní ìdíje Òlíḿpíìkì. Bí ọsán bá ti ọfà, ọ̀pá náà a máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹja nínú omi. Láti mọ bí ó ti le tó, wọn a gbé e lé orí ìtì méjì tí ó fi 28 íǹṣì jìnnà síra, wọn a so ìwọ̀n 880 gíráàmù mọ́ àárín rẹ̀. Èyí tí ó bá tẹ̀ ní ìdajì íǹṣì ni a ń pè ní 500.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò dé. Atafà a ta ọfà tí ó ní ìyẹ́, a sì ta èyí tí kò ní. Fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, bí aláìníìyẹ́ bá bọ́ sí òsì, ọ̀pá náà le jù. A ó fi ìwọ̀n kún orí rẹ̀ kí ó lè túbọ̀ tẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ọ̀tún, ó rọ̀ jù. A ó dín irin kù, tàbí kí a gé ọ̀pá kúrú díẹ̀. Bí méjèèjì bá bọ́ sí ojú kan náà, ìwọ̀n ti pé.

Ẹ ò rí i pé ọfà aláìníìyẹ́, tí í ṣe ohun ìdánwò lónìí, ni ohun iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọdẹ àtijọ́? Àṣìṣe kò sí níbẹ̀ tí ìyẹ́ yóò bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n, ebi ni yóò sùn.

Ilé ń gba ipò igbó ní Orozo, ìbọn sì ti gba ipò ọfà tipẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó fi ọwọ́ wọn irin láìní òṣùwọ̀n kò kọ ìmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Bí a kò bá bi í léèrè nígbà tí ó wà láàyè, ohun tí yóò kù fún wa ni irin dídípẹtà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọgbọ́n rẹ̀ yóò ti bá a lọ.