Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Ẹgbẹ́dá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí ẹ bi ẹni tí ń sáré lé ọkọ̀ léèrè ibi tí ó ń lọ, yóò ní, "Èkó ni." Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó dúró sí, síbẹ̀ Èkó náà ni ó ń lọ! Ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí yunifásítì fún wa ní ìsinmi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pinnu láti tọ ọ̀nà náà, kí a máa sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ìtàn bá wà, kí a lè wádìí bóyá ẹ̀yìnkùlé Èkó ni Ẹgbẹ́dá lóòótọ́.

Kí a tó kọjú sí ìlú, ẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ kọ sí i. Ìṣẹrí Ọlọ́fin kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnmìnírè gbé àwo kan lé ojú omi, ó sì ń tẹ̀ lé e láti òkè wá, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwo dà, ó ní àwo ti rì. Ibẹ̀ ni orúkọ Àwórì ti wá. Ìṣẹrí mìíràn wà létí odò Ògùn, òun náà sì ń pe Ọlọ́fin ní baba tirẹ̀. Èmi kò ní dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí ó kàn wá ni pé láti Ìṣẹrí ni àwọn kan ti ṣí lọ sí Èbúté Mẹ́ta, tí ogun sì lé wọn dé erékùṣù Ìddó, kí wọn tó máa ré kọjá lọ dáko ní Èkó. Nígbà náà, ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni Èkó ti ṣẹ̀ wá.

A wọ dánfó, a kọjá Ìyànà Ìpájà àti Dòpèmú, a sọ̀ ní Agége. Kí títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta tó dé, ọ̀nà Agége yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà. Níhìn-ín ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ń ṣòwò ní Èkó, ti gbin kòkó lọ rẹpẹtẹ, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 1920 sí 1921, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ wọn lọ́rùn, obì sì gba ipò kòkó. A kí bàbá arúgbó kan tí ó pàtẹ obì, a bi í pé níbo ni oko wọ̀nyí wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, orí oko náà ni ẹ dúró sí."

Ikẹjà àti Ọ̀ṣòdì, ariwo ọkọ̀ ni a bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò ní Mùṣín tí a ń wọ Yábàá, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi wo ilẹ̀. Láti 1954 títí di 1967, ààlà ń bẹ ní agbègbè yìí: Ikẹjà, Agége àti Mùṣín wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ṣùgbọ́n Èkó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó ń ti Ẹgbẹ́dá bọ̀ nígbà náà kò purọ́ bí ó bá ní Èkó ni òun ń lọ. Ààlà ti parẹ́, ẹnu kò gbàgbé.

Ní Èbúté Mẹ́ta a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú ọgbà rélùwéè, tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. Wọ́n kọ́ ọ ní 1898, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. Ohun èlò àti àwòrán rélùwéè àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀. Inú wa dùn.

Láti Ìddó a gba orí afárá Carter. 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ parí rẹ̀, wọ́n sì ti tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ré ọ̀sà kọjá. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a dúró níwájú Ìgá Ìdúngánràn. Àwọn Èkó ní oko ata Àrómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìdílé tí ó ní Bìní nínú ti jọba, Ọba Gàbárò ni ó kó ìtẹ́ kúrò ní Ìddó wá síbẹ̀. Oko ata ni, ẹ̀yin ará Èkó. Ẹ má fi oko bú wa mọ́.

Ibi tí ó kù ni gbàgede Tinúbú, tí ó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin alágbára tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856. Ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilojo Bar, ni mo fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Ní 1956 ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo na ìka sí ibi tí ó wà, mo ń ṣàpèjúwe fèrèsé rẹ̀ fún un láti inú àwòrán tí mo ti rí. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Òfin tí ó dáàbò bò ó ńkọ́?" Èmi kò rí èsì fún un. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a wọ ọkọ̀ tí ń pe Ìyànà Ìpájà, a sì padà sí Ẹgbẹ́dá.