Ìtàn Ẹ̀gàn Orin Hip-Hop: Orin Ni A Ń Gàn Ni, Àbí Olórin?

Ìfáárà

Àwọn àgbà a máa wí pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń dá ẹjọ́ orin hip-hop. Àwọn kan ní ariwo lásán ni. Àwọn kan ní orin àwọn ìpáǹle ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kò yẹ kí a pè é ní orin rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè pé èwo nínú àwọn orin náà ni wọ́n ti jókòó gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò ní lè dárúkọ ẹyọ kan.

Kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ó yẹ kí òǹkọ̀wé yìí jẹ́wọ́ tirẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí à ń kọ́ kíláàsì àṣekágbá ní ewì alohùn, a gba ìwé kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ráàpù ni ó ń kọ, èdè Yorùbá ni ó sì fi ń kọ ọ́. A bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì mú ìwé náà lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó kà á. Àfiwé, àwítúnwí àti ìfọ̀rọ̀dárà tí a ti ń ṣe àlàyé wọn lójú pátákó láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn ni ó wà nínú ìwé ọmọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ ọ gan-an ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa léèrè ibi tí ẹ̀gàn yìí ti wá. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀gàn náà ní ìtàn. Apá kan rẹ̀ tọ́, a kò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú tí ayé fi ń wo àwọn tó dá orin náà sílẹ̀ ni ó bí i, kì í ṣe orin náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí orin náà ti ṣẹ̀

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Àdúgbò Bronx ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni orin hip-hop ti ṣẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà márosẹ̀ kan tí a ń pè ní Cross Bronx Expressway gba àárín àdúgbò náà kọjá. Robert Moses ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n lé kúrò nínú ilé wọn nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó lọ́wọ́ kó lọ sí ibòmíràn. Àwọn adúláwọ̀ àti àwọn ará Puerto Rico tí kò rí owó kó lọ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970, àwọn onílé kan ń ti iná bọ ilé ara wọn kí wọ́n lè gba owó adójútòfò. Ní 1975, gbèsè wọ ìjọba ìlú New York lọ́rùn, wọ́n sì dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ orin wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé pàdánù.

Inú ipò yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin tiwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá nínú gbọ̀ngàn ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ilé tó wà ní nọ́ḿbà 1520, òpópónà Sedgwick. Owó tí yóò fi ra aṣọ ilé-ìwé ni ó ń wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Clive Campbell, ẹni ọdún 18, tí ayé mọ̀ sí Kool Herc, ni ó lu rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Láti Kingston ní Jamaica ni ìdílé wọn ti ṣí wá.

Kool Herc ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ibi tí orin ti dákẹ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ìlù nìkan ń dún, ni àwọn oníjó máa ń dúró dè. Ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó fi ń parí. Ó wá fi rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà méjì sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá fẹ́ tán lórí èyí, yóò mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí èkejì. Báyìí ni ìlù ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣe di ìlù ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Lórí ìlù yìí ni àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu dárà: wọ́n ń kí àwọn tó wà ní àwùjọ, wọ́n ń yin ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìyẹn ni ó di ráàpù. Àwọn tí a kò kọ́ ní dùrù ni ó sọ ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin di ohun èlò orin.

Ẹ̀sùn kìíní: pé kì í ṣe orin

Ní 1979, ẹgbẹ́ olórin Sugarhill Gang gbé Rapper's Delight jáde. Òun ni ráàpù àkọ́kọ́ tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká káàkiri Amẹ́ríkà. Bí orin náà ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ẹ̀sùn kìíní náà ń gbilẹ̀: pé ẹni tó ń ṣe ráàpù kò kọrin, pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń sọ. Nígbà tí àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn Grammy fi ráàpù kún àwọn orin tí wọn yóò dá lọ́lá ní 1989, wọn kò jẹ́ kí ìfúnni-ní-ẹ̀bùn náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. DJ Jazzy Jeff àti the Fresh Prince ni ó gba ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti lọ síbi ayẹyẹ náà. Wọ́n fún wọn ní àga nínú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n fi àga náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ Yorùbá ni kò yẹ kó bá wọn dá sí ẹ̀sùn yìí. À ń sun ìjálá, à ń sun rárà, à ń pe ẹ̀sà, à ń ki oríkì. A kì í kọ wọ́n bí orin, a kì í sì í sọ wọ́n bí ọ̀rọ̀ lásán. Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé ọlọ́jálá kò mọ nǹkan kan ṣe nítorí pé kò kọrin. Èyí kò sọ ráàpù di ọmọ ìjálá o. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá yàtọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹni tí ó ní etí fún ọ̀kan kò lè fi orúkọ “ọ̀rọ̀ lásán” lé èkejì dànù kó tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀sùn kejì: pé olè ni wọ́n

Ẹ̀sùn kejì ni pé àwọn olórin hip-hop ń gé lára orin ẹlòmíràn fi ṣe tiwọn. Ní 1991, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New York dá Biz Markie lẹ́bi lórí ọ̀ràn yìí. Òfin Bíbélì tó lòdì sí olè jíjà ni adájọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni gbígba àṣẹ àti sísan owó fún olórin ìṣáájú ti di dandan.

Ẹ jẹ́ kí a pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Ní ti owó, ẹni tó ni orin gbọ́dọ̀ jẹ lára èrè rẹ̀. Ẹjọ́ náà tọ́. Ní ti ọgbọ́n iṣẹ́, yíyá ohun àtijọ́ lò kì í ṣe àléébù. Akéwì alohùn wa ń bá oríkì nílẹ̀, ó ń fi òwe àwọn baba rẹ̀ kún un, ó ń tò ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó ṣe tò ó ni a fi ń mọ̀ ọ́n ní ọ̀gá.

Ẹ̀sùn kẹta: pé ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá kún inú rẹ̀

Ẹ̀sùn yìí ni ó wúwo jù. Ní 1988, ẹgbẹ́ N.W.A. láti Compton ní ìpínlẹ̀ California gbé àwo orin kan jáde, èyí tí wọ́n fi bú àwọn ọlọ́pàá. Ní 1989, òṣìṣẹ́ àgbà kan ní iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI kọ lẹ́tà ìbínú sí iléeṣẹ́ tó gbé e jáde. Ní 1990, adájọ́ kan ní Florida pàṣẹ pé àlùfàǹṣá ni àwo orin kan tí ẹgbẹ́ 2 Live Crew ṣe; ní 1992, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó fi ẹ̀sùn yìí kàn wọ́n. Ní 1993, Pásítọ̀ Calvin Butts ti ìjọ Abyssinian ní Harlem ṣáájú àwọn tó tako irú orin bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kan náà ni C. Delores Tucker, obìnrin adúláwọ̀ tó ti bá wọn jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìjà tirẹ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ni bí àwọn olórin náà ṣe ń bú obìnrin, tí wọ́n sì ń fi ìbọn yangàn. Àwọn wọ̀nyí kò gan ẹnikẹ́ni nítorí ibi tí a bí i sí. Ọmọ ilé wọn ni wọ́n ń bá wí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Síbẹ̀, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní 1982, ọdún mẹ́fà ṣáájú àwo orin N.W.A., Grandmaster Flash and the Furious Five ti gbé The Message jáde, orin tó ń sọ ìṣẹ́ àti ìnira àdúgbò wọn láìfi bò. Ẹni tó bá ka ìtàn Bronx yóò rí i pé ẹ̀rí ojú ni orin náà. Ẹni tó fi orin àlùfàǹṣá kan da gbogbo rẹ̀ nù ti da ẹ̀rí náà nù mọ́ ọn.

Ẹ̀gàn yìí kì í ṣe tuntun

Bí a bá yẹ ìtàn wò sẹ́yìn, a ó rí i pé wọ́n ti dá irú ẹjọ́ yìí rí. Ní 1921, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan tó lókìkí ní Amẹ́ríkà gbé àròkọ kan jáde tó fi ẹ̀sùn ìbàjẹ́ ìwà kan orin jáàsì, orin mìíràn tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀. Ní 1965, àwọn adájọ́ orin dábàá pé kí ẹ̀bùn Pulitzer dá Duke Ellington lọ́lá lọ́nà àkànṣe. Ìgbìmọ̀ àgbà kọ̀. Nígbà tó di 1987, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi ohùn ṣọ̀kan pé ìṣúra orílẹ̀-èdè wọn ni jáàsì. Ní 1999 ni Pulitzer tó dá Ellington lọ́lá, nígbà tí ó ti kú ní 1974. Ní 2018, Pulitzer kan náà fún Kendrick Lamar, olórin hip-hop, ní ẹ̀bùn orin nítorí àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ DAMN.

Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, a ti rí irú rẹ̀. Ta ni kò mọ bí àwọn òbí ṣe ń kọ̀ láti fi ọmọ wọn fún onílù, tí wọ́n ń pè é ní alágbe? Ní àwọn ọdún 1930, orin ilé ẹmu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka jùjú sí ní Èkó, nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́. Ní 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I.K. Dáíró, olórin jùjú, lọ́lá. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister sọ di fújì. Òun náà jẹ orúkọ orin ọmọ ìta kí ó tó wọ ilé olówó.

Ráàpù lédè Yorùbá

Nígbà tí hip-hop dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, wọ́n sì ń sín àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ. A bú wọn pé wọ́n ń ṣe bí Òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni àwọn bíi Lord of Ajasa bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá ṣe é. Ní 2009, Dagrin gbé àwo rẹ̀ C.E.O. jáde, ó kú ní 2010. Àwọn tó bú wọn nítorí Gẹ̀ẹ́sì tún bú wọn pé Yorùbá ìgboro ni wọ́n ń sọ.

Ìbáwí tó tọ́ wà níbí náà. Àwọn orin kan ń yin àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń sọ obìnrin di ọjà. Kò yẹ kí olùkọ́ dákẹ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohùn èdè. Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn orin ìyìn tí a túmọ̀ láyé àtijọ́ ṣe ń fi ohùn orin Òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá po, tí ọkọ fi ń dún bí ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣe ráàpù kò ní irú ìṣòro yẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ń tẹ̀ lé. Orin tí à ń bọ̀wọ̀ fún ń ba ohùn èdè wa jẹ́, èyí tí à ń gàn sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìdí mẹ́ta ni a fi ń gan orin hip-hop: ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é, ohun tí a fi ń ṣe é, àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró níwájú ẹni tó mọ ewì alohùn. Ìkẹta dúró, ṣùgbọ́n orin kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí a fi í wọ̀n, kì í ṣe gbogbo ìran orin náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí kókó yìí nínú ìdánwò gbọ́dọ̀ ya ìbáwí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀gàn. Ìbáwí a máa gbọ́ orin tán kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gàn kì í dúró gbọ́.

Ọmọ tí a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? A dá a padà fún un ní ọjọ́ kejì, a sì sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ṣùgbọ́n títí ó fi ṣe ìdánwò àṣejáde, a kò rí i kí ó tún mú ìwé náà wá sí kíláàsì wa mọ́.