Òòfà, Ìtànṣán àti Ẹ̀tọ́ Wu

Nígbà tí ọdún 1956 ń parí lọ, Chien-Shiung Wu, obìnrin ọmọ bíbí ilẹ̀ Ṣáínà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington mú kóbáltì-60 onítànṣán tutù kọjá yìnyín, wọ́n sì fi òòfà mú kí kókó átọ̀mù rẹ̀ kọjú síbì kan náà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń tú jáde pọ̀ ní ìhà kan ju èkejì lọ. Ọkùnrin méjì tí àbá wọn bí ìdánwò náà gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1957. Wu kò gbà á títí ó fi kú. Ìrẹ́jẹ gbáà ni, lójú tèmi.

Ìyàtọ̀ ìhà méjì yẹn ni wọ́n ń lò ní TRIUMF, Vancouver, lónìí. Wọ́n ń ta lítíọ̀mù-8 sínú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìdajì rẹ̀ a ti yí padà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bí ìgbì rédíò bá ṣe rẹ́gí, kókó rẹ̀ a yíjú, ìyàtọ̀ náà a sì dínkù. Ìgbì tó ṣe rẹ́gí ọ̀hún ló ń sọ bí agbára òòfà inú irin náà ti tó.