Síìpù lára ìró: bí Shade Thomas-Fahm ṣe rí ọwọ́ tiwọn

1/ Gbogbo ẹni tó ní auto-gèlè nílé, ẹ jẹ́ n bi yín: ṣé ẹ rò pé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀? Rárá o. Màmá kan ti ń ṣe é l'Ékòó kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ fashion design gan-an ni mo tìtorí yín kọ eléyìí.

2/ Nínú iṣẹ́ ọnà tiwa, bí wọ́n bá gbé ère kan sílẹ̀, ẹni tó mọ̀ á ní "ọwọ́ lágbájá nìyí." Kò nílò kí orúkọ wà lára ẹ̀. Ohun tí olùkọ́ yín ń bèèrè nìyẹn tó bá ní "iṣẹ́ ẹ dáa, àmọ́ mi ò rí ẹ nínú ẹ̀." Báwo lèèyàn ṣe ń rí ọwọ́ tiẹ̀?

3/ Ọdún 1933 ni wọ́n bí Shade Thomas-Fahm. Ní 1953, wọ́n gba London lọ. Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n bá lọ o, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni! Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà sídìí aṣọ, wọ́n sì wọ Barrett Street Technical College, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó para pọ̀ di London College of Fashion.

4/ Ibi tó ti dùn rèé. Aṣọ òyìnbó, télọ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa jókòó sára: á wọn ẹ́, á gé e, á ki síìpù bọ̀ ọ́. Aṣọ tiwa ńkọ́? Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń pinnu. Ìró ò ju aṣọ gbọọrọ lọ. O ró o, o so ó, bó bá tú, o tún un ró. Ọgbọ́n méjì tó yàtọ̀ pátápátá síra wọn ló wà lórí ọmọ kan ṣoṣo.

5/ 1960, ọdún òmìnira, wọ́n padà sílé. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Federal Palace Hotel, wọ́n tún wá ní ilé-iṣẹ́ ìránṣọ ní Yaba. Àmọ́ lójú ọ̀pọ̀ olówó Èkó ayé ìgbà náà, aṣọ tó bá ti òkè òkun dé ni aṣọ.

6/ Wọ́n lè máa rán gáùn London, ṣebí wọ́n mọ̀ ọ́n rán. Wọ́n sì lè máa rán ìró àti bùbá bí ìyá wa ṣe ń rán an. Wọn ò ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

7/ Wọ́n ki síìpù bọ ìró. Wọ́n wé gèlè sílẹ̀ kó o kàn gbé e dé bíi fìlà. Wọ́n mú agbádá ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ obìnrin. Aṣọ òkè, àdìrẹ, Akwete láti ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n fi ń ṣe é.

8/ Ẹ wo iṣẹ́ tí síìpù yẹn ń ṣe. Lójú ẹni tó ń wò ẹ́, ìró lo ró. Àmọ́ o lè sáré wọ bọ́ọ̀sì, kò ní tú.

9/ Àwọn kan á ní wíwé gan-an ni ẹwà gèlè, pé tó bá ti wà ní wíwé sílẹ̀, adùn ẹ̀ ti lọ. Wọn ò parọ́, nǹkan kan sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé ká ní kó má wé gèlè mọ́ ni?

10/ Ní 2022, iṣẹ́ Màmá wà nínú ìpàtẹ Africa Fashion ní V&A. London kan náà tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ o!

11/ Èyí tí mo rí mú níbẹ̀: ọwọ́ tìẹ kì í dédé jáde nítorí pé o jókòó tì í. Kọ́ ọgbọ́n gígé dójú àmì, kó o wá gbé e lọ bá nǹkan kan nílé tó ń fẹ́ àtúnṣe. Aṣọ wo ni ìyá ẹ ń fà sókè ṣáá lóde? Èwo ni àǹtí ẹ fẹ́ràn àmọ́ tí kì í wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

12/ Ó yá, ẹ sọ tiyín: aṣọ wo nílé yín lẹ máa kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì gé?